Bí ìbínú, ẹkún tàbí ìpayà bá ń ru bò yín mọ́lẹ̀: ohun tẹ́ ẹ lè ṣe, àti ibi tí tẹ́rápì ti wọlé

Ìbéèrè kan náà lẹ̀ ń bi mí, ohùn ẹ̀ ló kàn ń yàtọ̀. "Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ kékeré fi ń mú mi sunkún látàárọ̀ dalẹ́?" "Ọkọ mi dáa, àfi tínú bá bí i." "Ṣé ogun ilé baba mi ni, àbí ìwà mi ni?" Mo wá kó ohun tí mo mọ̀ jọ síbí. Èmi kì í ṣe dókítà. Tíṣà ni mí l'Ádó-Èkìtì, oṣù mẹ́jọ ni mo sì fi lọ sí tẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú ọkàn tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe, kí n tó lè bínú láìfọ́ nǹkan.

Lédè òyìnbó, emotional dysregulation ni wọ́n ń pè é. Mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ máa bèèrè tẹ́ ẹ bá dé ilé ìwòsàn. Kì í ṣe orúkọ àìsàn kan pàtó. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìmọ̀lára ẹni, ìbínú ni o, ìbànújẹ́ ni o, ìtìjú tàbí ìbẹ̀rù, ń tètè ru, ó ń ga ju ohun tó fà á lọ, kì í sì í tètè wálẹ̀. Ó máa ń bá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn rìn. Ó máa ń bá ADHD (àìlèpọkànpọ̀ àti àìlèjókòó jẹ́ẹ́), bipolar (àìsàn tí inú ẹni fi ń dùn kọjá ààlà nígbà kan, tó tún ń bà jẹ́ gidigidi nígbà míì), borderline personality disorder (ìṣòro tó ń mú kí ìmọ̀lára ẹni àti àárín ẹni pẹ̀lú èèyàn máa yí padà lójijì) àti ọgbẹ́ ọkàn tí ìjàǹbá tàbí ìlòkulò fi sílẹ̀ rìn. Ó sì lè wà lára ẹni tí dókítà ò ní rí orúkọ àìsàn kankan fún.

"Sùúrù ni baba ìwà" ni gbogbo ẹbí ń sọ fún mi nígbà yẹn. Òótọ́ ni. Ẹni tí àgbàrá ń gbé lọ náà mọ̀ pé ilẹ̀ gbígbẹ dára. Bó ṣe máa débẹ̀ ni kò mọ̀.

Ṣé èyí ló ń ṣe yín?

Inú máa ń bí gbogbo èèyàn. Ẹni tí wọ́n já ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ọ́jà Ọba tí kò bínú, òun gan-an ló yẹ ká tètè gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni bó ṣe ń yá tó, bó ṣe ń ga tó, bó ṣe ń pẹ́ tó, àti ohun tó ń bà jẹ́.

☐ Ọ̀rọ̀ náírà márùn-ún, ìjà ẹgbẹ̀rún náírà lẹ fi dá a lóhùn, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ ti parí.
☐ Ó ń gbà yín ní wákàtí púpọ̀, nígbà míì odindi ọjọ́ kan, kí ara yín tó wálẹ̀.
☐ Ẹ ti fọ́ nǹkan, ẹ ti lu èèyàn, ẹ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí ẹ ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lóru tẹ́ ẹ kábàámọ̀ láàárọ̀.
☐ Òdìkejì rẹ̀: ara yín kàn kú, ohùn ò jáde, ẹ ò mọ nǹkan kan lára mọ́.
☐ Ọtí, tramadol, igbó tàbí fífi abẹ gé ara yín lẹ fi ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀.
☐ Àwọn ará ilé ti ń wo ojú yín kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Bí àmì kan péré bá ń ba iṣẹ́, ilé tàbí ìlera yín jẹ́ léraléra, ó tó láti wá ìrànlọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ti ìkarùn-ún ni, ẹ má ka èyí tó kù kẹ́ ẹ tó lọ.

Àmì ìkẹrin yẹn ló máa ń sá pa mọ́. Ẹni tó ń fọ́ àwo, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ẹni tó ń dákẹ́, "ọmọ dáadáa, kì í bá èèyàn jà" ni wọ́n ń pè é, pàápàá tó bá jẹ́ obìnrin tàbí àkọ́bí. Ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀ nìkan ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ara wò

Kẹ́ ẹ tó gbà pé ọ̀rọ̀ ọkàn lásán ni, ẹ jẹ́ kí dókítà wo àwọn nǹkan wọ̀nyí:

- Thyroid, ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn. Tó bá ń ṣiṣẹ́ jù, àyà á máa lù kìkì, ara á máa gbọ̀n, inú á máa tètè bíni.
- Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tí ṣúgà rẹ̀ já wálẹ̀ lè máa bínú, kó máa sọ ìsọkúsọ. Bó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ohun dídùn kíá, ẹ má bá a jà.
- Oorun. Ẹni tí kò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má tíì dá ìwà rẹ̀ lẹ́jọ́.
- Ìbímọ, nǹkan oṣù, àti ìgbà tí nǹkan oṣù fẹ́ dáwọ́ dúró. Abiyamọ tó ń sunkún ṣáá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tó bímọ nílò ìtọ́jú. "Ó ń ṣakọ" kọ́ ni.
- Oògùn tẹ́ ẹ ń lò fún nǹkan mìíràn. Ẹ kó gbogbo páálí ẹ̀ dání, títí kan àgbo.

Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà sí i, kó gbàdúrà. Èmi náà gbà. Àdúrà ò ní kẹ́ ẹ má lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Nígbà tó bá ń ru lọ́wọ́

Lásìkò yìí, ẹ má gbìyànjú láti ronú ọgbọ́n kankan. Apá inú ọpọlọ tó ń ṣọ́ ewu, amygdala, ti figbe ta kí apá iwájú orí tó ń gbèrò tó mọ ohun tó ń lọ. Ara lẹ máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò yìí.

1. Ẹ kúrò níbẹ̀, àmọ́ ẹ sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa padà. "Ẹ fún mi ní ogún ìṣẹ́jú, mò ń bọ̀." Ẹni tó bá kàn yọ lọ láì sọ̀rọ̀, ìjà kejì ló dá sílẹ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ àgbà ló ń bá yín wí, a kì í kẹ̀yìn sí àgbà. Gbogbo ilé á ní ẹ rí bàbá fín. Ohun tí mo máa ń sọ ni, "Ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ kí n yára dé ilé ìtọ̀." Mi ò tíì rí àgbàlagbà tó ní kí n má lọ tọ̀.

2. Omi tútù sójú. Ẹ bu omi tó tutù dáadáa sínú abọ́. Bí "pure water" tó ti dì bá wà, ẹ já a sínú ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ di èémí mú, ẹ ki ojú bọ̀ ọ́ fún bí 15 sí 30 ìṣẹ́jú-àáyá, kẹ́ ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ara á rò pé a ti wọ odò, ọkàn á dín lílù kù. *Ìkìlọ̀:* ẹni tó ní àìsàn ọkàn, tàbí tí ọkàn rẹ̀ kì í lù geere, kó má ṣe èyí láì bi dókítà rẹ̀. Aṣọ tútù léjìká ti tó fún irú wọn.

3. Ẹ mí, kí mímí síta gùn ju mímí sínú lọ. Ẹ ka 4 bẹ́ ẹ ṣe ń fà á sínú, ẹ ka 6 bẹ́ ẹ ṣe ń tú u síta. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn máa mí gùlègùlè bí ẹni sáré dé. Òyì ló máa kọ́ yín, ìka yín á sì máa ta ṣínṣín. Ẹ rọra.

4. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ àti apá ṣiṣẹ́. Ẹ rìn kíákíá. Ẹ fọ aṣọ. Ẹ gúnyán, ṣebí ọmọ Èkìtì ni wá, uyán ò jìnnà sí wa. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: iyán gígún dára bẹ́ ẹ bá ń ka ìró odó. Bẹ́ ẹ bá ń pe orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ yín ní gbogbo ìgbà tí ọmọ odó bá balẹ̀, igi lẹ̀ ń kó sí iná yẹn. Ohun kan náà ló ṣe ìrọ̀rí tí wọ́n ní kéèyàn máa lù. Mo lù ú. Inú túbọ̀ bí mi ni.

5. Ẹ wá orúkọ rẹ̀. Èdè wa ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí. Inú ló ń bí, ojú ló ń tì, àyà ló ń já, ara ló ń ta, ọkàn ló ń gbọgbẹ́. Ẹ fọwọ́ kan ibi tó ti ń ṣe yín lára, kẹ́ ẹ bi ara yín pé inú ni àbí ojú ni. Ìdajì nínú ohun tí mo ń pè ní ìbínú fún ọdún mẹ́wàá, ojú ló ń tì mí. Ẹni tójú ń tì ò nílò ìjà. Ó nílò kí wọ́n má wo òun fún ìgbà díẹ̀.

6. Ẹ má pinnu nǹkan kan. Ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má kó ẹrù, ẹ má ṣe voice note. Tọ́rọ̀ náà bá ń hó lẹ́nu yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Kò sẹ́ni tó ń fi ìwé yín ṣe forward sórí agbo ẹbí.

Nǹkan mẹ́fà pọ̀ fún ẹni tórí ẹ̀ ti gbóná, mo mọ̀. Ẹ mú méjì, kẹ́ ẹ máa fi wọ́n dánra wò lọ́jọ́ tínú yín dùn. Ẹni tí kò kọ́ odò wíwẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ tí odò kún kọ́ ló máa kọ́ ọ.

Lẹ́yìn tó bá rọlẹ̀: ẹ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà

Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa mú nínú gbogbo èyí, ẹ mú apá yìí. Òun ni mo kọ́kọ́ kọ́ lọ́dọ̀ onítẹ́rápì mi, òun ló sì yí nǹkan padà fún mi.

Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà yẹn, ló lọ ra ata wá. Ṣéńjì tó mú bọ̀ fi igba náírà dín. Abọ́ ẹ̀fọ́ rírò ló wà lọ́wọ́ mi. Kí n tó mọ̀, abọ́ ti bá ògiri, ẹ̀fọ́ ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọmọ sì ti wà lábẹ́ tábìlì. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti kun ògiri yẹn. Epo pupa ṣì ń yọ síta.

Mo rò pé onítẹ́rápì máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi le tó bẹ́ẹ̀. Ó fà bébà kan síwájú mi, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú." A kọ ọ́ báyìí:

- Alẹ́: iná ò sí, ẹ̀fọn ò jẹ́ á sùn. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi sùn.
- 6:30 àárọ̀: tíì lásán, mi ò jẹun.
- 11:00: ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ bá mi wí níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ojú tì mí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́.
- 2:00: mo tò ní báńkì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, mo padà lọ́wọ́ òfo.
- 4:00: ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè. "Ìyàwó, ṣé a ò jẹ́ nǹkan kan lójú yín mọ́ ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú mà." Àyà mi le.
- 4:20: igba náírà. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn: *kódà ọmọ tí mo bí ti fojú di mí.*
- 4:20 náà: abọ́.

Bí mo ṣe wo bébà yẹn, mo rí i pé ọmọ yẹn kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Òun ló kàn dúró sí ìparí ìlà. Ìbéèrè tí onítẹ́rápì náà wá bi mí ni, "Níbo lẹ bá ti lè yà?" A rí ibi mẹ́ta: kí n jẹun kí n tó jáde nílé, kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, màá pè yín padà lálẹ́", kí n jókòó síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó wọ ilé ìdáná.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe tiyín:

1. Ẹ dúró títí ara á fi balẹ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó ju ọjọ́ méjì lọ.
2. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe sí ìsàlẹ̀ bébà, bó ṣe rí gan-an. "Mo ju abọ́", kì í ṣe "mo ṣèṣe".
3. Ẹ padà sẹ́yìn láago láago: oorun, oúnjẹ, ara ríro, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, ohun tó sọ sí yín lọ́kàn, ibi tó ti ṣe yín lára.
4. Ẹ fi àmì sí ibi tẹ́ ẹ bá ti lè yà. Ẹ mú ẹyọ kan fún ọ̀sẹ̀ yẹn.
5. Ẹ tún ohun tẹ́ ẹ bà jẹ́ ṣe. Mo bẹ ọmọ mi. "Àjàní, má bínú. Ohun tí mo ṣe ò dáa, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ." Àwọn àgbà ilé wa ò ní gbà pé ó yẹ kí ìyá máa bẹ ọmọ. Ìyẹn kàn wọ́n.

Ìkìlọ̀ kan: ohun tójú rí tétí gbọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ kọ sínú bébà. Ẹni tó bá kọ "èṣù" sí aago mẹ́rin kò ní ríbi yà.

Ibi tí tẹ́rápì ti wọlé

Tẹ́rápì ni kí ẹ̀yin àti ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ jókòó, lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún bí 45 sí 60 ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ máa tú irú bébà yẹn palẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa fi ìwà mìíràn dánra wò. Ohun tó ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni pé wọn ò gba ìmọ̀ràn kankan bọ̀. "Ó kàn ń bi mí ní ìbéèrè ni." Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó jọ iṣẹ́ kíkọ́ ju ìwàásù lọ. Ọ̀gá télọ̀ ò lè fẹnu kọ́ yín ní aṣọ rírán.

Oríṣi tẹ́ ẹ lè gbọ́ orúkọ rẹ̀:

*DBT (Dialectical Behaviour Therapy).* Òun ni wọ́n dìídì ṣe fún ìmọ̀lára tó ń ru kọjá ààlà. Marsha Linehan, onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ara wọn léṣe. Ní 2011 ló sọ ní gbangba pé òun náà ti gbé nílé ìwòsàn ọpọlọ nígbà èwe òun. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń kọ́ yín: kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń lọ nínú yín láì dá a lẹ́jọ́, kẹ́ ẹ la ìnira kọjá láì dá kún un, kẹ́ ẹ dín bí ìmọ̀lára ṣe ń ru kù, kẹ́ ẹ lè bèèrè ohun tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ sì lè kọ̀, láì ba àárín yín àti èèyàn jẹ́. Gbogbo ẹ̀kọ́ náà lè gba ọdún kan. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé ohun méjì tó takora lè jẹ́ òótọ́ pọ̀: ẹ ń gbìyànjú bó ṣe lè jẹ́ tó, ó sì yẹ kẹ́ ẹ yí padà. Kò yé mi títí mo fi rántí Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Ẹ lè ti ẹsẹ̀ kan bọ èyí, kẹ́ ẹ ti èkejì bọ ìyẹn.

*CBT (Cognitive Behavioural Therapy).* Ó ń wo ohun tó ń sọ sí yín lọ́kàn, irú "ọmọ tí mo bí ti fojú di mí" yẹn, ó sì ń kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa bi í léèrè ẹ̀rí.

*Ìtọ́jú fún ọgbẹ́ ọkàn.* Fún ẹni tí wọ́n fipá bá lò, tó la ìjàǹbá ọkọ̀ kọjá, tàbí tí ajínigbé ti gbé rí. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ yìí máa fipá mú yín sọ gbogbo ìtàn náà lọ́jọ́ kan.

Oògùn ńkọ́? Kò sí hóró oògùn kan tó wà fún èyí nìkan. Àmọ́ bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, bipolar tàbí ADHD bá wà níbẹ̀, oògùn lè la ọ̀nà fún tẹ́rápì. Ẹ má dá a dúró lójijì torí pé ara ti yá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa rí i l'Ékìtì

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kẹ́ ẹ gba lẹ́tà tí wọ́n á fi tọ́ yín lọ síbi tó yẹ.
2. Ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ: EKSUTH (Ekiti State University Teaching Hospital) l'Ádó, àti Federal Teaching Hospital n'Ído-Èkìtì. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ń rí èèyàn àti iye owó káàdì, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti Òmùò tàbí Ìkọ́lé bọ̀. Owó ọkọ̀ òfo dùn ún san? Kò dùn.
3. Ẹ mọ ìyàtọ̀: psychiatrist ni dókítà ọpọlọ, òun ló lè kọ oògùn. Clinical psychologist kì í kọ oògùn, òun ló máa ń ṣe tẹ́rápì jù. Ẹ lè nílò àwọn méjèèjì.
4. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó náwó síta, ẹ bèèrè ọ́fíìsì ìgbaninímọ̀ràn iléèwé yín.
5. Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti fẹ́ ṣe tẹ́rápì, ẹ wá ibi tétí kejì ò sí. Mo mọ ẹnì kan tó ń ṣe tiẹ̀ nínú mọ́tò tó páàkì sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi onítẹ́rápì: Níbo lẹ ti kọ́ṣẹ́? Ṣé ẹ ti tọ́jú irú èyí rí? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Ìgbà wo lẹ lè sọ ọ̀rọ̀ mi fẹ́lòmíì? Ìdáhùn tó dára sí ti ìkẹyìn ni pé àfi tí ẹ̀mí yín tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu.

Ẹni àkọ́kọ́ tí èmi lọ bá, mi ò ní sọ ibi tó wà, wàásù fún mi fún ogójì ìṣẹ́jú. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àbúrò ìyá mi ti ń kí mi kú ọ̀rọ̀ abọ́. Mi ò padà síbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ má padà sọ́dọ̀ ẹni tó bá tú àṣírí yín, tó ń fọwọ́ kàn yín, tó ní kẹ́ ẹ ju oògùn nù, tàbí tó fẹ́ kẹ́ ẹ máa wá títí láé láìsí ìdí. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ò bá ara yín mu, ẹ sọ fún un, kẹ́ ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ má torí ẹnì kan pa gbogbo ẹ̀ tì.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù

Kí wọ́n dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìjókòó mẹ́ta torí pé ara ti fúyẹ́. Kí wọ́n rò pé kí wọ́n gbé ìbínú mì ni ìṣàkóso. Ohun tẹ́ ẹ gbé mì láago mọ́kànlá lẹ máa bì láago mẹ́rin. Kí wọ́n fi ọtí pa á. Kí wọ́n parọ́ fún onítẹ́rápì kó má baà rò pé wọn ò dáa. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, oṣù kan gbáko ni mo fi ṣe é, owó mi ni mo sì ń san.

Bí owó tàbí ọ̀nà ò bá sí báyìí

Ní Zimbabwe, láti 2006, dókítà ọpọlọ kan, Dixon Chibanda, kọ́ àwọn ìyá àgbà àdúgbò láti jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítòsí ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ ọkàn àwọn èèyàn, kí wọ́n sì bá wọn yanjú ìṣòro kan lẹ́ẹ̀kan. Ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ìyá yẹn gba ẹ̀kọ́ o, torí náà kì í ṣe gbogbo ìyá àgbà tó bá ti lè jókòó. Àmọ́ ẹ lè wá ẹnì kan tí kì í tú àṣírí, kẹ́ ẹ bá a ṣe àdéhùn: ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀, bébà kan, ìṣòro kan. Kẹ́ ẹ sì máa jẹun lásìkò. Mo mọ̀ pé ìyẹn ò dùn gbọ́ létí bí oògùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbé pẹ̀lú ẹni tó ń ṣe

Ẹ má sọ fún un pé "fara balẹ̀". Kò sẹ́ni tó tìtorí ọ̀rọ̀ yẹn fara balẹ̀ rí. Ẹ gba ohun tó ń ṣe é gbọ́, láì gba ohun tó ń ṣe: "Mo rí i pé ó dùn ẹ́ gan-an. Mi ò ní jẹ́ kí o lu ọmọ." Ẹjọ́ wà fún ọ̀la.

Bó bá ń lù yín, ẹ má dúró kọ́ ọ ní mímí. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Àìsàn lè ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ́, kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́, Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì ní òfin tó lòdì sí ìwà ipá nínú ilé, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2019.

Ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì bí:

☐ ó bá ń sọ pé òun fẹ́ kú, tàbí tó ń pín ẹrù rẹ̀;
☐ ó ti gbé nǹkan jẹ tàbí ṣe ara rẹ̀ léṣe;
☐ ó ń gbọ́ ohùn tẹ́nì kan ò gbọ́, tàbí kò sùn fún ọjọ́ mélòó kan tí kò sì rẹ̀ ẹ́;
☐ ẹ̀rù ń bà yín pé ó máa pa èèyàn lára.

Ẹ gbé e lọ síbi pàjáwìrì ilé ìwòsàn, lọ́sàn-án tàbí lóru. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Kí ẹnì kan wà pẹ̀lú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹ kó oògùn, oògùn eku àti oògùn ẹ̀fọn jìnnà sí i. Ẹ bi í tààrà bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ má so ó mọ́lẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa sọ níbi káàdì

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń ti padà sílé, ẹ ti sọ fún mi. Ẹ ò mọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa sọ, èèyàn wà lẹ́yìn yín lórí ìlà, bóyá ará ṣọ́ọ̀ṣì yín wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà nílé kẹ́ ẹ tó jáde. Tèmi rèé: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ìbínú mi ń ga ju bó ṣe yẹ lọ, kì í sì í tètè lọ. Mo fẹ́ rí dókítà ọpọlọ." Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kà á. Ìyá tó ń kọ káàdì ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ọjọ́ orí ńkọ́?"